Bí A Ṣe Ń Fi Rọ́bà Sílíkónì Ṣe Móòdù, Tí A Sì Ń Da Nǹkan Sínú Rẹ̀

Móòdù ni ohun tí a ń da nǹkan olómi sínú rẹ̀ kó lè dì, kó sì gba ìrísí tó wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ tí mo fi rọ́bà sílíkónì ṣe ṣì wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo POP (ìyẹ̀fun funfun tí a ń pò mọ́ omi, tó sì ń dì) tí mo bá dà sínú rẹ̀ ló máa ń jáde pẹ̀lú àmì àtàǹpàkò mi ní igun ọ̀tún lókè. Lọ́jọ́ tí mo ṣe é, ọwọ́ tí mo fi pa Vaseline ni mo fi gbé igi gbígbẹ́ náà sínú àpótí, mi ò nù ún kúrò, mo sì da rọ́bà lé e lórí. Rọ́bà yìí kì í bá ènìyàn bo àṣírí. Ojú igi, ojú aṣọ, irun kan ṣoṣo tó já sínú àpótí, bó ṣe rí gẹ́lẹ́ ló máa gbé e jáde. Nítorí náà, kí a tó ṣí ike rọ́bà rárá ni iṣẹ́ ti ń dára tàbí ti ń bàjẹ́. Dídà rẹ̀ kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, àmọ́ ìmúra fún un lè gba odidi ọjọ́ kan.

Iṣẹ́ méjì ni mo fẹ́ ṣàlàyé: móòdù olójú kan fún ohun pẹlẹbẹ, irú bí igi tí wọ́n gbẹ́ àwòrán sí lójú, àti móòdù alápá méjì fún ère tó dá dúró. Ẹ ṣe ti àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó dé orí ìkejì.

Rọ́bà wo ni kí ẹ rà?

Oríṣi méjì ló wà lọ́jà. Lára ike èkíní, wọ́n máa ń kọ ọ́ pé tin-cure. Rọ́bà funfun tó ki bí ògì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ló máa wà nínú ike ńlá. Kátálíìsì rẹ̀, ìyẹn omi tó ń mú un dì, á wà nínú ìgò kékeré. Gíráàmù 2 sí 5 kátálíìsì ni wọ́n sábà máa ń fi sí 100 gíráàmù rọ́bà, ṣùgbọ́n ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ sára ike ni kí ẹ tẹ̀ lé. Owó rẹ̀ kò pọ̀ bíi ti èkejì, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ṣa ohun tí a dà á lé. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń súnkì díẹ̀. Ohun tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10 lè dín ní ìdajì mìlímítà, ó tiẹ̀ lè tó mìlímítà kan bó bá pẹ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ara rẹ̀ á gan, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya.

Ara ike èkejì ni wọ́n máa ń kọ platinum-cure sí. Ike méjì ni, A àti B, púpọ̀ nínú wọn ni a sì ń pò ní ọgbọọgba. Kì í súnkì débi tí ojú lè rí i, ó máa ń pẹ́, òun náà sì ni wọ́n fi ń ṣe móòdù ṣokoléètì àti ti kéèkì, bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sára ike pé ó bá oúnjẹ mu. Ẹ má ṣe da ohun jíjẹ sínú móòdù tin-cure láéláé. Ṣùgbọ́n platinum-cure wọ́n, èèwọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ bíi ti ọba. Kò gbọdọ̀ rí imí ọjọ́, bẹ́ẹ̀ imí ọjọ́ wà nínú ọ̀pọ̀ plasticine (amọ̀ rírọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré). Kò gbọdọ̀ kan ìbọ̀wọ́ látéèsì. Kò gbọdọ̀ kan tin-cure, títí kan ike tí a fi po tin-cure lánàá. Ibi tó bá ti fara kan èèwọ̀ rẹ̀ kò ní dì. Á kàn máa yọ̀ bí ewédú ni. Ìbọ̀wọ́ látéèsì, irú èyí tí wọ́n ń wọ̀ ní ọsibítù, ni mo wọ̀ nígbà kan tí mo fi ìka ti rọ́bà wọ kọ̀rọ̀ imú ère kan. Ọjọ́ kẹta ni mo tó gbà pé kò ní dì mọ́. Bí mo ṣe ha á kúrò lára igi náà, ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ ọ́. Ìbọ̀wọ́ nitrile tàbí vinyl ni kí ẹ máa lò.

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tin-cure ni màá ní kí ẹ rà. Ní Èkó, ọjà kẹ́míkà Ọjọ́ta ni ká kọ́kọ́ wò, níbi tí wọ́n ti ń ta résìnnì (omi kẹ́míkà tó ń dì bí ike) àti fáíbà. Wọ́n lè wọn díẹ̀ fún yín láti inú ike ńlá, àǹfààní ńlá sì nìyẹn fún ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ la ojú yín. Ẹ ní kí wọ́n ro ike náà láti ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó wọn tiyín, torí ohun tó ki nínú rẹ̀ máa ń rọlẹ̀ sí ìdí ike. Ẹni tí wọ́n bu ti òkè fún kò rí odidi rọ́bà rà. Ẹ wo kátálíìsì náà dáadáa. Èyí tí wọ́n dà sínú ìgò omi tí ìdérí rẹ̀ kò dì, tó ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á ti bà á jẹ́. Bí ẹ bá délé, ẹ po gíráàmù 20 péré, ẹ dà á sínú ìdérí ìgò, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí kò bá dì, gíráàmù 20 lẹ pàdánù, kì í ṣe odidi kílò àti ère oníère.

Ẹ tún béèrè nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ bó ṣe le tó, tí wọ́n ń pè ní Shore A. Èyí tó jẹ́ 10 rọ̀ gan-an, ó dára fún ohun tó ní kọ̀rọ̀ jíjìn, àmọ́ ó tètè máa ń ya. 20 sí 30 ló bá iṣẹ́ púpọ̀ mu. 40 le, ó yẹ fún ohun pẹlẹbẹ bíi táìlì tí a fẹ́ da símẹ́ńtì sí.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni òṣùwọ̀n oníbátìrì tó lè ka ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù, irú èyí tí àwọn tó ń ta wúrà ń lò. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹran kò lè mọ gíráàmù méje yàtọ̀ sí mẹ́wàá. Mo mọ àwọn tó ń fi ìdérí ìgò wọn kátálíìsì, mo sì mọ àwọn tó ń kà á ní ẹ̀kán. Bó bá gbè wọ́n lónìí, lọ́la á dì gbagidi mọ́ igi nínú ike kí wọ́n tó gbé e dé ibi iṣẹ́.

Yàtọ̀ sí òṣùwọ̀n, ẹ wá ike ìpo-nǹkan mẹ́ta tó mọ́ tónítóní, igi pẹlẹbẹ tí ẹ máa fi rò ó, búrọ́ọ̀ṣì olówó pọ́ọ́kú, ìbọ̀wọ́, Vaseline, plasticine, fáníìṣì, pláíwúùdù tí ojú rẹ̀ ń dán, gọ́ọ̀mù gbígbóná, ìrẹsì kọ́ńgò kan, àti jọ́ọ̀gì tó ní ìlà mìlílítà lára. Aṣọ tí ẹ bá fẹ́ràn, ẹ bọ́ ọ sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Sílíkónì tó bá kan aṣọ ti di ti aṣọ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ tún ohun tí ẹ fẹ́ da ẹ̀dà rẹ̀ ṣe

Ká ní igi gbígbẹ́ lẹ fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10, tó fẹ̀ ní 8, tó sì nípọn ní 2. Igi ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí, rọ́bà á sì wọ inú wọn lọ, á há síbẹ̀. Ẹ kùn ún ní fáníìṣì lẹ́ẹ̀mejì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ fún odidi ọjọ́ kan. Amọ̀ sísun, POP àti òkúta náà rí bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn ló yẹ kí a dí ihò ara wọn. Fáníìṣì tó nípọn jù máa ń pa ojú iṣẹ́ rẹ́. Bí ilà ojú ère bá ti ń kún, ẹ ti kùn ún jù.

Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá ti fi ìrẹsì wọn àyè rẹ̀ tán bó ṣe wà ní ìgbésẹ̀ kẹta, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ pa Vaseline díẹ̀ sí i, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ nù ún títí tó fi máa dà bíi pé ẹ kò fi nǹkan kan sí i. Ibi tí Vaseline bá dúró sí ní òkìtì, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe hàn lára gbogbo ẹ̀dà tí ẹ bá dà. Àtàǹpàkò mi lẹ́rìí.

Ohun tí kò ní ihò rárá, bí irin tàbí ike, kò nílò fáníìṣì. Gíláàsì àti tánganran dídán ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Sílíkónì kì í lẹ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n ó lè lẹ̀ mọ́ gíláàsì débi pé ẹ ò ní lè ṣí i mọ́, nítorí náà ẹ pa Vaseline sí i kí ó kárí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ kí n tó lọ síwájú. Ère àtijọ́ tí ẹ jogún nílé, ẹ má fi kọ́ṣẹ́. Sílíkónì ní òróró tó máa ń mu wọ inú igi àti òkúta, àbàwọ́n rẹ̀ kì í sì í kúrò. Bó bá sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà kan tó ṣì ń fi í jẹun, ẹ lọ bá a kí ẹ tó da ẹ̀dà ogójì tà lọ́jà. Owó àdéhùn kò ní pa yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: àpótí

Ẹ fi pláíwúùdù ṣe àpótí kékeré tí inú rẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 12, tó fẹ̀ ní 10, tó sì ga tó 4. Ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà kan gbáko máa wà láàárín igi náà àti ògiri àpótí lápá gbogbo. Bí àyè yìí bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, etí móòdù á máa yẹ̀. Bó bá sì pọ̀ jù, owó yín ni ẹ ń dà sílẹ̀. Ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ igi náà mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí kí ó má baà léfòó, torí rọ́bà wúwo ju ọ̀pọ̀ igi lọ. Ẹ fi plasticine wẹ́wẹ́ dí eteetí ìdí rẹ̀ àti gbogbo ojú ìpàdé àpótí láti ìta. Bí omi bá lè jò níbẹ̀, rọ́bà náà á jò, kò kàn ní yára bí omi ni. Ẹ lè sùn kí ẹ jí bá gbogbo rẹ̀ nílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kí ẹ mọ iye rọ́bà tí ẹ máa pò

Ìrẹsì ni ọ̀nà tó rọrùn jù. Kí ẹ tó lẹ igi náà mọ́lẹ̀, tí ẹ kò sì tíì pa Vaseline sí i, ẹ gbé e sínú àpótí, ẹ da ìrẹsì gbígbẹ sí i títí tó fi máa bò ó mọ́lẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ wá kó ìrẹsì náà sínú jọ́ọ̀gì, kí ẹ ka ìlà rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mìlílítà 200, ẹ fi 1.15 sọ ọ́ di púpọ̀, torí rọ́bà yìí wúwo ju omi lọ díẹ̀. Ó di gíráàmù 230. Ẹ fi díẹ̀ kún un nítorí èyí tó máa lẹ̀ mọ́ ike, kí ẹ po 250.

Ẹni tó fẹ́ràn ìṣirò lè ṣe é báyìí: àyè tí rọ́bà máa kún jẹ́ 12 × 10 × 3, ìyẹn 360. Igi gba 10 × 8 × 2, ìyẹn 160. Ẹ yọ ọ́, ó ku 200. Bí ère bá ní orí, etí àti ọwọ́, ìrẹsì ló máa gbà yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: pípò

Àkókò tí wọ́n kọ sára ike, yàrá tó wà ní nǹkan bí 23 sí 25 °C ni wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀. Ọ̀sán Ẹrẹ́nà nílé wa kì í ṣe irú yàrá bẹ́ẹ̀. Bí ooru bá fi 10 °C lé sí i, àkókò tí ẹ ní fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dín sí ìdajì. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ máa ṣe é. Ẹ má sì fi kátálíìsì kún un nítorí pé ẹ ń kánjú. Rọ́bà tí kátálíìsì bá pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í lọ́jọ́ lórí. Nígbà ọyẹ́, ìṣòro mìíràn ló máa ń dé. Tin-cure nílò ọ̀rinrin láti dì, ọyẹ́ sì ti gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ gbé abọ́ omi kan tàbí aṣọ tútù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú yàrá, kí ẹ ṣe sùúrù fún un.

Ẹ gbé ike sórí òṣùwọ̀n, ẹ dá a padà sí òdo, ẹ wọn rọ́bà gíráàmù 250. Ẹ tún dá a padà sí òdo. Bí ike bá ní 3 nínú 100, kátálíìsì yín jẹ́ gíráàmù 7.5. Ẹ dà á díẹ̀díẹ̀, kí ojú yín wà lára nọ́ńbà. Kátálíìsì yìí kò dára lára, kò sì dára lójú, nítorí náà ìbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín, kí àwọn ọmọdé sì jìnnà.

Ẹ rò ó pẹ̀sẹ̀, kì í ṣe bí ẹni ń po ẹyin. Ìkánjú ló ń kó afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ máa ha ẹ̀gbẹ́ ike àti ìdí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni èyí tí kò tíì pò máa ń fara pamọ́ sí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú ike kejì tó mọ́, kí ẹ tún rò ó fún ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fo èyí. Àwọn náà ló máa ń ṣí móòdù, tí wọ́n á bá ojú kan tó ṣì ń yọ̀ ní àárín ibi tó ti dì.

Àwọn tó ní ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde máa ń gbé ike rọ́bà sínú rẹ̀ kí wọ́n tó dà á. Rọ́bà á hó, á ru sókè tó ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin, lẹ́yìn náà á wó lulẹ̀, nítorí náà ike tí ẹ bá lò gbọ́dọ̀ ní àyè. Ó dára, ṣùgbọ́n fún igi pẹlẹbẹ wa yìí, kò pọn dandan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: dídà

Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì kun rọ́bà fẹ́lẹ́ sí gbogbo ojú igi náà, kí ẹ tì í wọ inú gbogbo ilà tí wọ́n gbẹ́. Ìpele kékeré yìí ni ojú móòdù yín gan-an. Ihò afẹ́fẹ́ tó bá wà níbẹ̀ á di kókó lára ẹ̀dà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ike sókè dáadáa, kí ẹ dà á sí igun kan ṣoṣo nínú àpótí, kó máa ṣàn wálẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn. Bó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló ń bẹ́ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Ẹ má dà á lé orí iṣẹ́ tààrà. Ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ rìn láti igun, kó gun orí igi náà, kó sì bò ó. Bó bá ti bò ó ní sẹ̀ǹtímítà kan, ẹ fi ìkúùkù gbá tábìlì níwọ̀nba fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ẹ sì kúrò nídìí rẹ̀.

Èyí tó ṣẹ́kù nínú ike, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì dà á sínú gọ́tà. Ẹ fi í sílẹ̀ kó dì. Lọ́la ẹ máa bó o kúrò bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ike á sì mọ́. Òun náà ló máa sọ fún yín bóyá ti inú àpótí ti dì, láìjẹ́ pé ẹ fi ìka tọ́ móòdù wò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ṣíṣí i

Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Ẹ tú ògiri àpótí, ẹ yí móòdù lódìkejì, kí ẹ máa fa etí rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ yí ká kí ẹ tó fa àárín rẹ̀. Bí ibì kan bá ṣagídí, ẹ fi omi ọṣẹ díẹ̀ síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ POP lẹ fẹ́ dà, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ résìnnì, ẹ fi móòdù tin-cure sílẹ̀ ní gbangba fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí ohun tó ń gbẹ kúrò lára rẹ̀ ti lọ tán, torí ó lè mú kí ojú résìnnì máa lẹ̀.

Móòdù alápá méjì

Ère tó dá dúró ní iwájú àti ẹ̀yìn, nítorí náà móòdù rẹ̀ gbọ́dọ̀ là sí méjì. Ibi tí ojú ìpàdé máa gbà ni kí ẹ rò jinlẹ̀. Ẹ mú pẹ́ńsù, kí ẹ fa ilà yí ère náà ká, láti orí, gba etí, gba èjìká, gba ìta apá, dé ẹsẹ̀. Gbogbo ẹ̀dà ni ilà yìí máa hàn lára rẹ̀ bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ máa fi abẹ ha kúrò, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó gba ojú ère kọjá. Lára ère tí irun rẹ̀ jẹ́ ṣùkú, àárín dídì irun ni mo máa ń fi í pamọ́ sí.

Ẹ tẹ́ plasticine sí ìsàlẹ̀ àpótí, ẹ tẹ́ ère dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀, kí ẹ máa fi plasticine kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí tó fi máa kan ilà náà. Ibi tí plasticine ti pàdé ère gbọ́dọ̀ mú bí ojú abẹ, kò gbọdọ̀ rọ̀ yíká. Iṣẹ́ yìí máa ń sú ènìyàn. Wákàtí méjì kò pọ̀ jù fún un. Nígbà tó bá dán tán, ẹ fi ẹ̀yìn bírò tẹ ihò bí mẹ́rin sí mẹ́fà sójú plasticine náà, jìnnà sí ère. Àwọn ihò yìí ló máa di kókó lára apá kìíní, tó máa wọ inú apá kejì, kí apá méjèèjì má baà máa yẹ̀ lórí ara wọn. Ìdí ère gbọ́dọ̀ kan ògiri àpótí. Ibẹ̀ ni ẹnu tí ẹ máa gbà da nǹkan sí i.

Ẹ po rọ́bà, ẹ dà á bíi ti tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ yí gbogbo rẹ̀ lódìkejì, ẹ yọ plasticine kúrò, ṣùgbọ́n ẹ má yọ ère nínú rọ́bà rárá. Bí ẹ bá yọ ọ́ pẹ́nrẹ́n tí ẹ sì dá a padà, kò ní bá ojú rẹ̀ mu mọ́, rọ́bà tuntun á sì yọ́ wọlé sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ìgbálẹ̀ kan tàbí igi ìtayín ṣa gbogbo plasticine tó kù sí ojú ilà.

Ìsinsìnyí ni èyí tó lè sọ iṣẹ́ ọjọ́ méjì di òfo. Sílíkónì kì í lẹ̀ mọ́ igi yín, ṣùgbọ́n sílíkónì máa ń lẹ̀ mọ́ sílíkónì débi pé ẹnikẹ́ni kò lè yà wọ́n. Ẹ pa Vaseline sí gbogbo ojú rọ́bà tó hàn síta, ẹ pa á kárí kókó kọ̀ọ̀kan, ẹ nù ún kó tẹ́, kí ẹ sì tún gbé e síwájú iná láti wò ó bóyá ẹ fo ibì kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó da apá kejì.

Bí ẹ bá ti ṣí i, ẹ fi abẹ fẹ ẹnu ibi ìdí ère kó rí bí àrọ. Nígbà tí ẹ bá máa da nǹkan sí i, ère máa dorí kodò nínú móòdù. Ẹ fojú inú wò ó bẹ́ẹ̀: níbo ni afẹ́fẹ́ máa há sí? Abẹ́ àgbọ̀n ni, àti abẹ́ ìgbọ̀nwọ́ tó bá ká. Láti àwọn ibẹ̀ yẹn, ẹ fi abẹ fa ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ sójú ìpàdé dé ẹnu àrọ, kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ jáde. Ẹ wá fi pláíwúùdù kan sí iwájú, kan sí ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi rọ́bà táyà dì wọ́n pọ̀. Kó má le jù, torí móòdù tí a fún lọ́rùn á da ère tí imú rẹ̀ wọ́.

Kí ni a lè dà sínú rẹ̀?

POP ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí ó rọrùn, kò sì wọ́n. Sí 100 gíráàmù POP, omi 60 sí 70 gíráàmù tó. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bù sí abọ́, kí ẹ wá máa wọ́n POP sórí rẹ̀ bí ẹni ń wọ́n èlùbọ́. Ẹ má bu omi lu POP. Ẹ jẹ́ kó mu omi fún ìṣẹ́jú kan, ẹ rò ó pẹ̀lẹ́, ẹ da díẹ̀ sí móòdù, ẹ yí móòdù kiri kó kan gbogbo ara, kí ẹ wá da ìyókù. Á gbóná bó bá ń dì. Nígbà tó bá ti tutù padà, ẹ lè yọ ọ́. Ẹ má ṣe ti ọwọ́ bọ POP púpọ̀ tó ń dì, torí ooru rẹ̀ lè jó ènìyàn.

Ìda ni mo fẹ́ràn jù. Sílíkónì lè gba ooru tó nǹkan bí 200 °C, ìda oyin sì ń yọ́ ní nǹkan bí 62 sí 64 °C, nítorí náà móòdù kò ní mọ̀ ọ́n lára. Inú abọ́ tó wà nínú ìkòkò omi gbígbóná ni kí ẹ ti yọ́ ọ, kì í ṣe lórí iná tààrà. Àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938, ọ̀nà ìda ni wọ́n fi ṣe wọ́n: wọ́n á fi ìda ṣe orí náà, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á yọ́ ìda dànù, wọ́n á sì da idẹ yíyọ́ sí ipò rẹ̀. Ìda á lọ, amọ̀ náà á sì di fífọ́, ọ̀kan ṣoṣo ni ẹni tó ṣe é máa rí. Àwọn tó ń da idẹ lónìí máa ń fi sílíkónì ṣe móòdù sí iṣẹ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n lè da ìda mẹ́wàá jáde nínú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́ nínú iná, mẹ́sàn-án ṣì wà.

Résìnnì pólíẹ́sítà tí ó wọ́pọ̀ ní Ọjọ́ta máa ń dán, ṣùgbọ́n òun ló ń tètè pa móòdù. Ooru rẹ̀ àti kẹ́míkà olóòórùn líle tó wà nínú rẹ̀ máa ń jẹ ojú rọ́bà títí tí yóò fi gan. Ìta gbangba ni kí ẹ ti lò ó, pẹ̀lú ìbomú tó ń sẹ́ òórùn kẹ́míkà, kì í ṣe ti aláṣọ. Símẹ́ńtì náà ṣeé dà. Ẹ kun òróró fẹ́lẹ́ sí móòdù, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24 ó kéré tán.

Bí owó rọ́bà kò bá tíì sí

Sílíkónì inú túùbù tí àwọn kápẹ́ńtà fi ń dí ojú fèrèsé náà lè ṣe móòdù kékeré, bó bá jẹ́ irú èyí tó ń rùn bí ọtí kíkan. Òun nìkan kò lè dì bó bá nípọn, torí ọ̀rinrin kì í dé inú rẹ̀. Ẹ pò ó mọ́ ìyẹ̀fun sítáàṣì àgbàdo, ìdajì-ìdajì, títí tó fi máa dà bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí a pò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ohun tí ẹ ti pa Vaseline sí, kí ẹ ṣí fèrèsé. Láàárín wákàtí kan, ó ti dì. Kò lè gbé ilà wẹ́wẹ́ bíi ti rọ́bà tòótọ́, àmọ́ fún bọ́tìnnì tàbí ọwọ́ dúrọ́ọ̀ tó já, mi ò mọ ohun tó rọrùn jù ú lọ.

Títọ́jú móòdù

Ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ wọ́n páúdà díẹ̀ sí i, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ sínú òkùnkùn ní ojú pẹlẹbẹ. Èyí tí ẹ bá tẹ̀ sí abẹ́ ẹrù fún oṣù mẹ́ta á gba ìrísí ẹrù náà. Ó dára kí ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ nínú rẹ̀ kó lè máa rántí bó ṣe yẹ kó rí.

Móòdù tó bá ti ya kì í ṣe ohun ìdànù. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́ bí ẹran ọbẹ̀, kí ẹ máa fi kún ẹ̀yìn móòdù tuntun níbi tó bá nípọn, lẹ́yìn tí rọ́bà tuntun bá ti bo ojú ère. Á lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ ó sì dín iye tí ẹ máa rà kù. Tin-cure pẹ̀lú tin-cure, platinum pẹ̀lú platinum. Gbogbo móòdù mi àtijọ́ ni mo ti gé bẹ́ẹ̀, àfi èyí tó ní àmì àtàǹpàkò lára.